Gbèsè Ẹni Tí A Júwe Ìwé Fún

Irọ́ tí mo pa kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ẹ̀gbọ́n kan ló bi mí lórí fóònù pé ṣé mo ti ka ìwé tí àwọn ní kí n kà. Mo dáhùn pé, "Mo ti kà á, sà. Ó dùn gan-an." Ní àsìkò tí mo ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ìwé náà wà lórí tábìlì mi, lábẹ́ ìdìpọ̀ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé tí mo ń máàkì. N kò tíì kà á kọjá ojú-ewé kejì. Nígbà tí mo fi èsì náà ránṣẹ́ tán, mo padà sídìí iṣẹ́ mi, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lójú mi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. N kò jí owó ẹnikẹ́ni, n kò jẹ́rìí èké ní kóòtù. Mo kàn fẹ́ kí inú ẹ̀gbọ́n dùn ni.

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí n tó mọ ohun tí irọ́ náà gbà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí: bí ọ̀rẹ́ bá júwe ìwé fún wa, yálà a gbádùn rẹ̀ tàbí a kò gbádùn rẹ̀, ǹjẹ́ a jẹ ọ̀rẹ́ náà ní gbèsè kankan? Bí a bá jẹ ẹ́, irú gbèsè wo ni?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé àárín àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní iléèwé girama kan ní Òṣogbo. Kí n tó mọ̀ wọ́n, ìwé Yorùbá tí mo kà gbẹ̀yìn ni èyí tí wọ́n yàn fún wa fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Mo kà á nítorí máàkì. Nígbà tí mo gba máàkì tán, ọ̀rọ̀ èmi àti ìwé Yorùbá parí síbẹ̀. Ẹnìkan tí a jọ kàwé pọ̀ ló fi mí sínú àwùjọ kékeré kan lórí WhatsApp, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ ohun tí wọ́n ń kà fún ara wọn. A kò pọ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Ìbàdàn. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Ìlá Ọ̀ràngún. Obìnrin kan ń ránṣọ ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n tí mo parọ́ fún ń gbé ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò fojú kan ọ̀kankan nínú wọn rí. Ohùn wọn ni mo mọ̀, àti ìwé tí wọ́n fẹ́ràn.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ júwe ìwé fún mi. Wọ́n bi mí pé irú ìtàn wo ló máa ń wù mí. Mo ní fíìmù olè àti ọlọ́pàá ni mo máa ń wò ní tèmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, lọ wá *Àjà Ló Lẹrù* kà." Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló kọ ìwé náà, ó sì jáde ní ọdún 1969. Mo rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé lẹ́bàá ọ̀nà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹnìkan sì ti fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ojú-ewé mẹ́ta. Mo gbé e ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo ní kí n yẹ ojú-ewé díẹ̀ wò kí n tó sùn. Lápàdé, tó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, gbá tẹ̀ lé àwọn ọ̀daràn, èmi náà sì gbá tẹ̀ lé e. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìwé náà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tí mò ń gbọ́ ní gáréèjì: wọ́n ń pa òwe, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń dá àpárá nígbà tí ọ̀ràn ti dójú ẹ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ládàánì ti ń pe ìrun àsùbáà.

Inú mi dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú sì tún ń bí mi. Ìwé náà ló mú inú mi dùn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìwé yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ó wà ní èdè tí mo fi ń lá àlá, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi. Mo ti gbé ayé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú èrò pé ìwé Yorùbá wà fún ìdánwò nìkan.

Àwọn kan á sọ pé ìgbádùn irú èyí kì í ṣe ti ẹni tó ní in. Wọ́n á ní ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíràn sọ ohun tí yóò kà fún un, ẹnu ẹlẹ́nu ló fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n á ní kí àgbàlagbà wá ohun tó wù ú fúnra rẹ̀, torí ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Bí wọ́n bá ti fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wù mí nìkan, fíìmù ni mo ṣì máa wà nídìí rẹ̀ títí di òní. Ohun tó ń wu èèyàn kì í kọjá ibi tí ojú rẹ̀ ti dé. A kì í yán hànhàn fún ohun tí a kò mọ̀ pé ó wà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí ọgbọ́n bá jẹ́ ohun tí a lè gbà lọ́wọ́ ara wa láìtijú, kí ló dé tí adùn kò fi ní rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n júwe ọ̀nà fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn ni mo fi rìn ín. Ojú mi ni kò rí oorun sùn. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti rẹ́rìn-ín.

Kì í sì ṣe òní ni irú ìgbádùn àjọpín yìí bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa tí a ń ka Yorùbá. Ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, tó ń pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tó sì ń jẹ́wọ́ bí òun ṣe lo ayé òun. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, Isaac B. Thomas, ló ń kọ àwọn lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Àwọn náà mú gègé, wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n sọ èrò wọn nípa rẹ̀. Ní ọdún 1930 ni àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá di ìwé. Kó tó di ìwé rárá ni ó ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn jọ ń sọ.

Ìwé Fágúnwà náà jẹ́rìí sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, tó jáde ní 1938, bàbá àgbà kan ló wá bá ẹni tó ń kọ ìtàn náà, tó ní kó mú gègé àti tákàdá kó kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀, kí ìtàn náà má bàa bá òun wọ sàréè. Àkàrà-ògùn ni orúkọ bàbá náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn èèyàn ti gbọ́, wọ́n sì ti wá láti wá fetí sí i. Ẹnìkan sọ fún ẹnìkan, ẹni náà kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó kù péjọ: bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwa tó wà lórí fóònù kò ṣe ju ìyẹn lọ. Àgbàlá wa ló kàn fẹ̀ láti Ìlá dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀rẹ́ ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá ní "ka eléyìí"? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ gbèsè ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù mi náà mọ ìwé júwe. Bí mo bá ra ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kíá ló máa sọ pé àwọn tó ra eléyìí tún ra tọ̀hún. N kò ní tan ara mi jẹ, ó ti júwe ìwé tó dára fún mi rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ra èyí tó júwe, tí mo jù ú sápá kan, kò sí ẹni tí mo ṣẹ̀. Ojú kò tì í. Kò ní jókòó lálẹ́ kó máa bi ara rẹ̀ pé ṣé òun ṣì mí mọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá júwe ìwé fún ọ ń sọ pé, "Wo ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Wo ohun tó pa mí lẹ́kún. Ìwọ ńkọ́?" Ó ti finú hàn ọ́ díẹ̀. Ó lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé náà, yóò dùn ún, kò sì ní lè sọ fún ọ pé ó dun òun.

Nọ́ọ̀sì inú àwùjọ wa sọ fún mi nígbà kan pé ìwé kan wà tí òun fẹ́ràn ju gbogbo ìwé lọ, ṣùgbọ́n òun kò júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òun ni òun ń kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá òun ní ọ̀sẹ̀ tí màmá kú. Ó ní, "Bí mo bá fún èèyàn, tó wá sọ fún mi pé kò dùn, kí ni mo fẹ́ sọ?" N kò bi í ní orúkọ ìwé náà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ta kò mí níbí. Yóò ní: èmi kọ́ ni mo ní kó júwe ìwé fún mi. Ẹni tó bá gbé ẹrù rẹ̀ lé mi lórí láìbi mí, ṣé ó yẹ kó máa retí pé kí n rù ú? Yóò sì fi kún un pé fífẹ́ràn ìwé kì í ṣe ohun tí a ń pa láṣẹ. A lè gbé oúnjẹ síwájú èèyàn, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. N kò gbà pé a jẹ ọ̀rẹ́ ní gbèsè pé ká fẹ́ràn ohun tó fẹ́ràn. N kò tilẹ̀ gbà pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè pé ká ka ìwé náà tán. Ọwọ́ èèyàn lè dí. Ọkàn èèyàn lè má sí níbẹ̀. Bí mo bá ti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé, "Ẹ má bínú, sà, n kò tíì ráyè kà á," n kò bá tí jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Gbèsè tí mo rò pé a jẹ ni òótọ́. Ẹni tó finú hàn ọ́, tó sì bi ọ́ pé "Ìwọ ńkọ́?", ìdáhùn ló ń retí. Ìyìn kì í ṣe ìdáhùn. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yìí kan náà ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tètè gbà á.

A jọ ń ka *Ògbójú Ọdẹ* nígbà náà. Oníkálùkù ń yin Fágúnwà. Èmi náà ń yìn ín, nítorí pé ó dára lóòótọ́, àti nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Nígbà tó yá, a dé ibi tí àwọn ọdẹ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, tó ń gbé ní ilé olójúlé méje, tó sì gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn fún ọjọ́ méje. Nọ́ọ̀sì fi ohùn ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ní, "Ẹ foríjì mí o. Mò ń fo ibẹ̀ yẹn ni. Àwọn aláìsàn ti fi gbogbo òru pè mí, mo délé, bàbá yìí náà tún ń gbà mí nímọ̀ràn." Kò sí ẹni tó fèsì fún bíi wákàtí kan. Mo rò pé tíṣà àgbà máa bínú, torí Fágúnwà kò kéré lójú wọn.

Wọn kò bínú. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àwọn kò mọ̀ pé èèyàn lè dá ìwé náà kà. Alẹ́ ni ẹnìkan tó mọ̀wé máa ń kà á sókè nínú ilé àwọn, tí àwọn tó kù á máa gbọ́. Bí wọ́n bá dé ibi ìmọ̀ràn, òǹkàwé á dúró, bàbá kan á ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá kan á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, òmíràn á mú ìtàn ọmọ àdúgbò kan wá fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ kò gùn nígbà náà, nítorí pé gbogbo wa là ń sọ̀rọ̀." A wá pinnu pé a ó dán an wò. Ẹnìkan ń ka apá kan sórí fóònù lójoojúmọ́, àwọn tó kù á sì dá sí i. Ọjọ́ méje yẹn wà lára ọjọ́ tí mo gbádùn jù láàárín wọn. Nígbà tí a parí rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní, "Mo ṣì ní ó gùn. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ báyìí."

Ẹ wò ó pé kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láti fi tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Bí òun náà bá ti bá wa pariwo ìyìn, tíṣà àgbà kò ní rí ìdí láti sọ bí wọ́n ṣe ń kàwé nínú ilé wọn, àwa náà kò sì ní gbọ́. Ìyìn tèmi, tó pọ̀ bí òjò, kò mú nǹkan kan hù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó korò díẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wa.

Ewu kan wà nínú kíka ìwé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tí n kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Àgùntàn tó bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́. Ọ̀rẹ́ lè sọ ojú wa di kékeré dípò kó là á. Bí gbogbo wa bá ń ka ìwé kan náà, tí a ń rẹ́rìn-ín níbì kan náà, tí a ń gàn án ní ọjọ́ kan náà, agbo la dà, a kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́. N kò mọ oògùn mìíràn fún àrùn yìí ju òótọ́ tí mo ń sọ yìí lọ. Nígbà tí a ka *Ó Le Kú*, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1974, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi jà lórí Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń wá aya. Àwa ọkùnrin ń káàánú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Aránṣọ ará Abẹ́òkúta ní kí la ń káàánú rẹ̀ fún? Ó ní àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ọkàn wọn ṣeré ni kí a káàánú. Mo bá a jiyàn títí. Mo wá kíyè sí i pé iyàn tí mò ń jà fún Àjàní, fún ara mi ni mò ń jà á, nítorí ọ̀ràn kan tí mo ti dá nígbà èwe mi. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Ìwé náà ì bá má dé ibẹ̀ lára mi bí gbogbo wa bá fẹnu kò.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí irọ́ mi. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé mo ti ka ìwé wọn, pé ó dùn gan-an, ìbéèrè kan péré ni wọ́n fi tẹ̀ lé e: "Níbo ló dùn mọ́ ọ jù?" Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ni, sà." Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó wọlé. Wọ́n ní, "Ó dáa, àbúrò."

Kò sí ìjà. Wọ́n ń kí mi nígbà Àjíǹde, wọ́n ń kí mi nígbà ọdún tuntun. Ṣùgbọ́n wọn kò júwe ìwé kankan fún mi mọ́. Wọ́n ń júwe fún àwọn tó kù, mo ń rí i. Mo ní bóyá ọwọ́ wọn ló dí.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, mo tún tábìlì mi ṣe, mo sì bá ìwé náà lábẹ́ eruku. *Ogún Ọmọdé* ni, Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà ló kọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á. Ìtàn ìgbà èwe ni, ti àwọn ọmọ tó jọ dàgbà ní abúlé, tí wọ́n jọ ṣeré, tí wọ́n jọ ṣe wàhálà. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ibi tí orúkọ ìwé náà ti wá: ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ibi tí mo ti ń kà á ni mo ti rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ní ọjọ́ tí wọ́n júwe rẹ̀, tí n kò fi ọkàn sí. Wọ́n ní, "Bí o bá kà á, wàá mọ ibi tí mo ti wá." Mo rántí pé wọ́n ti sọ fún wa nígbà kan pé ó ti lé ní ọdún mọ́kàndínlógún tí àwọn ti délé gbẹ̀yìn.

Mo pa ìwé náà dé. Ẹ̀gbọ́n kò júwe ìwé fún mi lásán. Ìgbà èwe wọn ni wọ́n ní kí n wá wò, nítorí pé kò sí bí wọ́n ṣe lè mú mi dé abúlé wọn. Èmi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò wọlé, mo sì sọ fún wọn pé ilé wọn dára.

Mo pè wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa fún yín lórí *Ogún Ọmọdé*. N kò kà á nígbà yẹn. Ìsinsìnyí ni mo kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn kì í sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ òun. Á mú ibì kan." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ó wá dùn mọ́ ọ?"

Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ òótọ́. Mo sọ ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín. Mo sọ ibi tó ti fẹ́ sú mi díẹ̀, tí mo gbé e sílẹ̀ lọ jẹun. Wọ́n ní ibo ló sú mi? Mo sọ ọ́. Wọ́n ní n kò mọ nǹkan kan, pé ibẹ̀ gan-an ló dára jù. A jiyàn fún nǹkan bíi wákàtí kan. Nínú iyàn yẹn ni wọ́n ti dárúkọ ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń dẹ pàkúté nígbà èwe, tó ti di olóògbé. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ní orúnkún láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, tí wọn kò lè rìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ló mọ̀. Àwọn ni wọ́n jọ ń kàwé lórí ibùsùn, tí wọ́n ń bi wọ́n pé orúnkún ńkọ́. Èmi nìkan ni n kò kí wọn kú ewu.

Ohun tí irọ́ gbólóhùn méjì gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Wọ́n ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kíkí tí n kò kí wọn lórí ibùsùn, mi ò lè padà lọ kí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, mo gbà pé gbèsè wà lọ́rùn ẹni tí a júwe ìwé fún. Kì í ṣe gbèsè ìyìn, kì í ṣe gbèsè pé kó kà á tán. Ká má ṣe purọ́ nípa ìwé fún ẹni tó finú hàn wá nínú rẹ̀, ìyẹn ni. Ká ní "n kò tíì kà á" bí a kò bá tíì kà á. Ká ní "kò dùn mọ́ mi" bí kò bá dùn mọ́ wa, ká sì sọ ibi tí kò ti dùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bó bá sì dùn mọ́ wa, ká mú ibì kan.

Ní sáà tó kọjá, mo fún ọmọ kan nínú kíláàsì mi ní *Àjà Ló Lẹrù* mi tí èèpo rẹ̀ ti ya. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó, ìṣirò kì í sì í wọ̀ ọ́ lórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo bi í pé, "Níbo ló dùn mọ́ ọ jù?"

Ó wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó ń wá ohun tí inú tíṣà máa dùn sí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ojú-ewé kọkànlá ni mo ṣì wà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó máa kà á lọ díẹ̀díẹ̀, pé bó bá dé ibi tó pa á lẹ́rìn-ín tàbí ibi tó sú u, kó wá sọ fún mi.